Rẹ́kítífáyà Tó Ń Ka Òdo

Gbogbo òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí lẹ́bàá títì tàbí lẹ́yìn ilé onílé ló ní àpótí irin kan nídìí. Inú àpótí yẹn ni iṣẹ́ tí mo kọ́ wà. Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti gba ìgboro kan, síbẹ̀ ènìyàn díẹ̀ ló mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wa kì í lo iná NEPA bó ṣe ń wọlé. Fóltì 48 ni wọ́n ṣe é fún, iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. Pósítífù rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀, kí ìpẹtà má baà jẹ bàbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Rẹ́kítífáyà ló ń sọ iná NEPA tàbí ti jẹnẹrétọ̀ di irú iná yìí. Kì í sábà dá wà. Mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà ni wọ́n máa ń tò sínú ráàkì kan, tí gbogbo wọn á máa da kọ́rẹ́ǹtì sórí bàbà pẹlẹbẹ kan náà, kí ọ̀kan lè kú kí òpó má dákẹ́.

Ní Mushin, nítòsí ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Ìmọ̀ iná tí mo gbà ní poli ni mo gbé lọ síbẹ̀. Mo mọ òfin Ohm lórí, mo lè ṣírò ohunkóhun tí wọ́n bá yà sí bébà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kí ẹ̀rọ mẹ́ta pawọ́ pọ̀ gbé ẹrù kan rí. Ẹrù ni à ń pe ohunkóhun tó bá ń fa kọ́rẹ́ǹtì: rédíò orí òpó, fáànù, bátìrì tó ń gba iná. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fún mi kò ní sukudiráfà nínú rárá. Ìwé àkọsílẹ̀ ni. Ibikíbi tí a bá dé, kí n kọ aago, kí n kọ fóltéèjì orí bàbà, kí n kọ ọ́ bóyá bátìrì ti kún tàbí ó ṣì ń gba iná, lẹ́yìn náà kí n kọ iye áḿpù tí rẹ́kítífáyà kọ̀ọ̀kan ń gbé. "Kọ ọ́ bó ṣe wà," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Má tíì bá a wí."

Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹrù fífúyẹ́ kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òun gan-an ni ojúmọ́ rẹ́kítífáyà. Ká sọ pé rédíò àti fáànù ibì kan ń gba áḿpù 30. Bí NEPA bá lọ tí bátìrì sì gbé iṣẹ́ náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nígbà tí iná bá dé, bátìrì yóò tún fẹ́ áḿpù 60 kó lè kún padà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Rẹ́kítífáyà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 50 ti tó o, wọ́n á wá fi ẹ̀kẹta kún un gẹ́gẹ́ bí adípò. Agbára 150 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kún, 30 péré ló kù láti gbé. Lóru tí àwọn ènìyàn ti sùn, tí ìpè ti dín kù, ó lè wá sílẹ̀ sí 22. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kó jọ nítorí wákàtí díẹ̀ tí ẹrù wúwo á máa fi gbogbo ìyókù ọjọ́ gbé ohun tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè gbé láìmí gúlegúle.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dójú rú fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́. Ní ibì kan tí a máa ń lọ, ohun tí mo kọ sílẹ̀ lójú ọ̀sán ni 17, 11 àti 2. Lóru, 14, 8 àti 0. Ilé iṣẹ́ tó ni òpó náà ti kọ̀wé sí ọ̀gá pé ẹ̀kẹta ti kú, kí wọ́n gbé tuntun lọ. Ọ̀gá kò gbé nǹkan kan lọ. Wọ́n ní kí n ṣí ìwé mi sẹ́yìn sí ọjọ́ tí bátìrì ń gba iná lọ́wọ́, kí n ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà: 37, 31, 22. Ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní òkú ni ó gbé áḿpù 22 yìí.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá gbé pátákó kan jáde tí wọ́n fúnra wọn kàn. Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ló kún ojú rẹ̀, èyí tí wọ́n rà ní Ládípọ̀, oní-fóltì 24, wáàtì 70. Méjìméjì ni wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n lè gba fóltì 54, tí í ṣe fóltéèjì tí a fi ń tọ́jú bátìrì olójé tó ní ojúlé 24, fóltì 2.25 fún ojúlé kan. Méjì kọ̀ọ̀kan ń gba bí áḿpù 3, ó sì ní súìṣì tirẹ̀. Bí ogún súìṣì bá wà ní títàn, áḿpù 60 ni, ooru tó ń jáde níbẹ̀ sì ju wáàtì 3,000 lọ. A máa ń ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀.

Rẹ́kítífáyà méjì ni wọ́n gbé sórí tábìlì, irú àtijọ́ tó ní súkúrù kékeré níwájú tí a fi ń yí fóltéèjì. Wọ́n yí ọ̀kan sí fóltì 54.1, wọ́n yí èkejì sí 54.0. Ohun kan wà tí àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú rẹ̀: bí kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ni fóltéèjì rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti àwọn méjì yìí ń fi ìdajì fóltì rẹlẹ̀ láti òdo títí dé áḿpù 50, ìyẹn mílífóltì 10 fún áḿpù kan. Láìsí ìrẹ̀lẹ̀ yìí, èyí tí fóltéèjì rẹ̀ fi bíńtín ga ni yóò gbé gbogbo ẹrù títí yóò fi kan òpin agbára rẹ̀, kí èkejì tó dìde. Pẹ̀lú rẹ̀, bí ọ̀kan bá ti ń gbé jù, fóltéèjì rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ wá bá ti ẹnìkejì, wọ́n á sì jọ máa gbé e.

"Tan gbogbo rẹ̀," ni ọ̀gá wí. Mo tan ogún. Ọ̀kan ka 35, èkejì ka 25. Wọ́n ní kí n dín in kù sí mẹ́wàá: 20 àti 10. Mẹ́rin: 11 àti 1. Méjì: 6 àti 0.

"Kí lo rí?"

"Ọ̀gá, bí ẹrù ṣe ń fúyẹ́ ni ìpín wọn ń bàjẹ́ sí i."

"Tún un wò. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì."

Mo yọ ọ́. 35 yọ 25, ó ku 10. 20 yọ 10, ó ku 10. 11 yọ 1, ó ku 10. Nǹkan kan kò bàjẹ́ sí i. Ìyàtọ̀ mílífóltì 100 tó wà láàrín fóltéèjì àwọn méjèèjì, bí a bá fi mílífóltì 10 fún áḿpù kan pín in, áḿpù 10 ni í máa jẹ́, yálà ẹrù wúwo tàbí ó fúyẹ́. Odò Ògùn ní Abẹ́òkúta ni mo rántí. Àpáta tó wà nísàlẹ̀ odò yẹn lójú òjò náà ló yọ lójú ẹ̀ẹ̀rùn. Omi ló fà. Bí ẹrù bá ti wá kéré ju áḿpù 10 lọ, kò sí ohun tí ẹnìkejì yóò gbé mọ́, nítorí dáódù ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gba kọ́rẹ́ǹtì láti padà wọlé. Ó dúró sí òdo. Fóltéèjì tó ń rí lórí bàbà ti ga ju èyí tí wọ́n yí i sí lọ. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí, ó sì káwọ́.

Mílífóltì 100 nínú fóltì 54 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Mítà ọwọ́ tó ń ṣì í ní ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún péré lè fi mílífóltì 270 parọ́ níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀gá fi kọ́ mi ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ yọ rẹ́kítífáyà méjèèjì kúrò lórí bàbà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láìgbé ẹrù. Ẹ so pósítífù wọn pọ̀, kí ẹ wá gbé mítà sáàrín nẹ́gátífù kan àti èkejì, kí ẹ yí i sí mílífóltì. Ohun tí mítà ń kà báyìí kì í ṣe 54 mọ́, ìyàtọ̀ gan-an ni. Àṣìṣe mítà lórí mílífóltì 100 kò tó mílífóltì kan. Ẹ fi sukudiráfà yí èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mítà yóò fi wá sí òdo. Nígbà tí a dá àwọn méjèèjì padà sórí bàbà, tí mo sì tan súìṣì méjì péré, ọ̀kan ka 3, èkejì ka 3.

Inú mi dùn. Ọ̀gá ní kí n dúró. Wọ́n tan iná kékeré kan sábẹ́ rẹ́kítífáyà kan, wọ́n sì jẹ́ kó móoru dáadáa ju èkejì lọ. Ìpín náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ohun tí fóltéèjì ń wò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n nínú ẹ̀rọ kò dúró sójú kan bí ara ẹ̀rọ bá gbóná. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 10,000 yí fún òṣùwọ̀n ooru kan ní Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, mílífóltì 5.4 nìyẹn, fún mẹ́wàá, mílífóltì 54, tó já sí áḿpù 5 ó lé díẹ̀. Nínú ráàkì, èyí tó wà lókè ló ń gba ooru àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ohun tí èèyàn bá tò dọ́gba láàárọ̀ kùtùkùtù lè má dọ́gba ní agogo méjì ọ̀sán ní Èkó. Láti ìgbà náà ni mi ò ti fara mọ́ àwọn tó máa ń yí súkúrù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́. Ìyípadà ooru ni wọ́n ń lé kiri.

Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ kí èèyàn dúró kó tó fọwọ́ kan súkúrù, òun ló sì jẹ́ kí n mọyì ìwé àkọsílẹ̀ yẹn. Ibi kan wà tí òru rẹ̀ ka 8, 8, 6. Ẹni tó bá yára kà á yóò ní ibẹ̀ dára ju ibi tí a ti rí òdo lọ. Nígbà tí bátìrì ibẹ̀ ń gba iná, ó ka 34, 33, 23. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ áḿpù 2 lóru ti di 10. Èyí kò jọ ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé fóltéèjì tí a yí wọn sí ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ á dúró síbi tó wà, ẹrù ì báà wúwo. Bí ìyàtọ̀ bá ń tẹ̀lé ẹrù dàgbà, ọ̀nà tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà ló ní ìdíwọ́: wáyà, lọ́ọ̀gì tó wà lẹ́nu wáyà, súkúrù tí kò fún. Ọ̀gá ní kí n ṣírò ìdíwọ́ náà. Ó lé ní mílíòmù 4. Wáyà bàbà wa tí ojú gígé rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà onígun mẹ́rin 16 kò ju nǹkan bí mílíòmù 1.1 lọ nínú mítà kan, wáyà rẹ́kítífáyà kẹta yẹn kò sì fi mítà kan gùn ju ti àwọn yòókù. Kì í ṣe wáyà. A pa ẹ̀rọ náà, a tú lọ́ọ̀gì rẹ̀, a rí i pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà tán, díẹ̀ nínú okùn bàbà ti dúdú. A gé e, a tẹ òmíràn mọ́ ọn. Bí a bá fi sukudiráfà gbé fóltéèjì ẹ̀rọ yìí sókè ni, òru á dọ́gba, lọ́ọ̀gì náà á sì máa gbóná lọ títí.

Ohun tí mo mọ̀ dájú nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ẹrù fífúyẹ́ ń sọ ti fóltéèjì tí a yí ẹ̀rọ sí, ẹrù wúwo ń sọ ti ọ̀nà. Ẹni tó bá ka ọ̀kan láìka èkejì kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ.

Àwọn rẹ́kítífáyà tó dé lẹ́yìn ìyẹn ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so gbogbo wọn pọ̀. Èyí tó bá ń gbé jù lọ ni yóò máa fi iye tó ń gbé hàn lórí wáyà náà, àwọn yòókù á sì máa gbé fóltéèjì wọn sókè díẹ̀ kí wọ́n lè bá a. Mo rò pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀ òdo, àfi ìgbà tí ọ̀gá ní kí n ka ìwé ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ náà, UC3907 tí ilé iṣẹ́ Unitrode ṣe. Kí ẹ̀rọ méjì má baà máa jà sí ipò olórí, àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi mílífóltì 50 sáàrín olórí àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìlọ́po 20 ni ó fi ń gbé ohun tó bá kà sókè, mílífóltì 2.5 nìyẹn lójú ṣọ́ǹtì, irin pẹlẹbẹ tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì. Bí ṣọ́ǹtì bá jẹ́ mílíòmù kan, áḿpù 2.5 ni olórí yóò fi máa ṣíwájú. Nínú 45, ta ló máa rí i? Ṣùgbọ́n bí àpapọ̀ ẹrù bá jẹ́ 6, olórí á gbé 4.25, èkejì á gbé 1.75. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ kó rí.

Ojú ìkàwé tó wà níwájú ráàkì náà ń ti ara ṣọ́ǹtì kan náà kà. Áḿpù kan péré jẹ́ mílífóltì kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe ẹ̀rọ tó ń kà á lè tó mílífóltì kan. Nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́, ó lè kọ 1 síbi tí kò sí nǹkan kan. Mítà alágbàámú ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn náà sì ní ìlànà tirẹ̀: a ó kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ ibi tí a ti fẹ́ wọn nǹkan láìtíì gbá wáyà mú, a ó tẹ̀ ẹ́ sí òdo níbẹ̀, kí agbára òòfà tó wà ní àyíká má baà dà pọ̀ mọ́ ohun tí a fẹ́ kà.

Ṣùgbọ́n òdo lè jẹ́ òkú lóòótọ́. Báwo la ṣe ń mọ̀? Lórí tábìlì, ọ̀gá máa ń jẹ́ kí súìṣì méjì wà ní títàn, kí ẹ̀rọ kan wà ní òdo, lẹ́yìn náà wọ́n á tan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Gílóòbù tó tutù ń fa ọ̀pọ̀ ìlọ́po kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan kí okùn inú rẹ̀ tó gbóná. Fóltéèjì á jìn, ẹ̀rọ tó káwọ́ á dìde, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bá ẹrù. Tí kò bá dìde, òkú ni. Nídìí òpó, bátìrì wà lórí bàbà tó ń di ihò náà lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n so orísun iná méjì mọ́ láìsí bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìdìde tó pẹ́ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun ti wá yí ojú ọ̀ràn yìí padà. Rẹ́kítífáyà tó bá jí ń jẹ iná fún ara rẹ̀, fáànù rẹ̀ ń yí, inú rẹ̀ ń tàn ó ń kú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrín ìṣẹ́jú àáyá kan, ì báà jẹ́ áḿpù 2 ló ń gbé tàbí 40. Níbi tó jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń pèsè púpọ̀ nínú iná náà, ìnáwó gidi nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ráàkì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí méjì nínú mẹ́ta sùn lóru, kí ẹyọ kan lè gbé ẹrù tó pọ̀ tó láti má fi iná ṣòfò, a sì máa pààrọ̀ wọn kí ọ̀kan má baà gbó ju èkejì lọ. Òdo tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ sọ ẹ̀rọ tó dá ṣáṣá nù ti di ohun tí wọ́n ń fi owó rà. Mo gbà pé ó dára. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n wá gba ráàkì tuntun wọlé lórí òru kan tí ẹrù fúyẹ́, kí wọ́n rí i pé ojú ìkàwé dúró ire, kí wọ́n sì fọwọ́ sí bébà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń pín áḿpù 90.

Wọ́n máa ń ní kò sí pátákó gílóòbù lọ́wọ́ àwọn. Kò pọn dandan. Bátìrì tó wà níbẹ̀ tó ẹrù. Ẹ kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nígbà tí gbogbo wọn jí tí bátìrì sì kún. Ẹ fa bírékà tó ń mú NEPA wọlé sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí bátìrì gbé iṣẹ́ fún wákàtí kan bí ó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa wo fóltéèjì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dá iná padà. Láàrín ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, bátìrì á máa fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tún ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fọwọ́ wo lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan láti orí rọ́bà rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ kí ìyàtọ̀ méjèèjì lè wà lójú ewé kan náà.